Ọdún 12 láìsí ògbufọ̀: àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Perez àti ilé-ìwé ìjọba Sturgis

Ní ọdún 2016, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí Miguel Luna Perez jáde ilé-ìwé girama ní ìlú Sturgis, ìpínlẹ̀ Michigan, ilé-ìwé sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kò ní gba dìpúlómà. Ìwé tí ó kàn ń jẹ́rìí pé ó wá títí ọdún rẹ̀ fi pé ni wọn yóò fún un. Adití ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó ti Mẹ́síkò dé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2004, ó sì ti lé ní ọdún 20 lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ní gbogbo àkókò náà, A àti B ló ń kún ìwé èsì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ń wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé ń yìn ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kò sí òbí tó máa rí irú ìwé èsì bẹ́ẹ̀ tí yóò máa bẹ̀rù pé ọmọ òun kò ní jáde.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí á tó tẹ̀ síwájú: nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, kóòtù kankan kò tíì jókòó gbọ́ ẹlẹ́rìí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Ohun tí ìdílé náà kọ sínú ẹ̀sùn ni àwọn adájọ́ mú bí òtítọ́ láti fi dáhùn ìbéèrè òfin tó wà níwájú wọn. Ohun kan náà ni a ń tẹ̀ lé níbí.

Olùrànlọ́wọ́ kì í ṣe ògbufọ̀

Olùrànlọ́wọ́ kíláàsì ni ilé-ìwé yàn tì í. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Olùrànlọ́wọ́ lè bá ọmọ ṣí ìwé, kó rán an létí pé àkókò oúnjẹ ti tó, kó sìn ín lọ sí kíláàsì mìíràn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ èdè àwọn adití yàtọ̀ sí èyí. Gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ, ìbéèrè tí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn bá béèrè, àwàdà tó mú kíláàsì rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbé dé iwájú ọmọ adití lójú ẹsẹ̀, yóò sì gbé èsì ọmọ náà padà fún kíláàsì. Ìlànà tí wọ́n ṣe lábẹ́ ADA, òfin Amẹ́ríkà tó ka ìyàsọ́tọ̀ àkàndá léèwọ̀, sọ ọ́ láìfi bò: ògbufọ̀ tó kájú ìwọ̀n ni ẹni tó lè túmọ̀ lọ́nà tó yéni, tí kò yí ọ̀rọ̀ po, tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pé àmì ọwọ́ ló ń wò tàbí òun ló ń ṣe é.

Ẹ̀sùn náà sọ pé ẹni tí wọ́n yàn ti Miguel kò gbọ́ èdè àwọn adití. Inú ìwé ló ti gbìyànjú láti kọ́ àmì ọwọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń hùmọ̀ àmì tí kò sí níbikíbi, èyí tí òun àti ọmọ náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tí èyí já sí. Èdè tí èèyàn méjì péré gbọ́ láyé ni wọ́n fi tọ́ ọmọ náà dàgbà. Bó bá pàdé adití ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú pópó, wọn kò lè gbọ́ ara wọn. Bí olùrànlọ́wọ́ bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, kò sí ẹni tó kù tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn tí kò mọ èdè àwọn adití máa ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ọwọ́ yà sínú afẹ́fẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. ASL, èdè àwọn adití Amẹ́ríkà, ní gírámà tirẹ̀. Bí ojú ṣe rí, bí orí ṣe tẹ̀, ibi tí ọwọ́ dúró sí níwájú àyà, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀, gẹ́gẹ́ bí ohùn ṣe ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ lẹ́nu tiwa. Kò sí ẹni tó lè fi ìwé nìkan kọ́ ọ lónìí kó máa fi kọ́ ọmọ ní ìtàn àti ìṣirò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọdún tí ọmọ adití bá lò láìrí ẹni bá a sọ ojúlówó èdè kì í ṣe ọdún tí a lè fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ dí bí ẹni ń dí ìṣirò tó fò. Èdè ni yóò fi gba gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù.

Ẹ̀sùn náà tún sọ pé olùrànlọ́wọ́ a máa fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Síbẹ̀, máàkì ń wọlé. Wọ́n ní ilé-ìwé fún un ní máàkì tí kò tọ́ sí i, ó sì ń gbé e láti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn láìka ohun tó mọ̀ sí. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ àkàndá yóò mọ bí irú èyí ṣe máa ń ṣẹlẹ̀: ọmọ náà jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ó ń da ohun tó wà lára pátákó kọ dáadáa, àánú rẹ̀ ń ṣe olùkọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ F sílẹ̀ kí wọ́n má baà bi í pé kí lo ti ṣe sí i. Irú àánú yẹn lè jẹ́ kí ọdún 12 kọjá láìjẹ́ pé agogo kankan dún.

Ìwọ̀n tí máàkì lè parọ́ fún

Òfin IDEA ló ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àkàndá ní Amẹ́ríkà. Ní 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, 1990 ni wọ́n fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Ó ní kí ìpínlẹ̀ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fún gbogbo ọmọ àkàndá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá a mu, láti ọmọ ọdún 3 títí dé 21, kí wọ́n sì jẹ́ kó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kì í ṣe àkàndá níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. Ìwé tí ó ń dé e mọ́lẹ̀ ni IEP: ètò ọmọ kan ṣoṣo, tí ilé-ìwé àti òbí jọ kọ, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́dọọdún.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà bá ọmọ mu? Ní 1982, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ Amy Rowley, ọmọbìnrin adití ní ìpínlẹ̀ New York tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kó ní ògbufọ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní òfin kò fi dandan lé e, nítorí ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé fún ọmọ tó wà nínú kíláàsì gbogbogbòò, ó yẹ kí ètò rẹ̀ lè mú kó gba máàkì tó tó láti yege, kó sì máa ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ gbé ìwọ̀n yẹn lé orí Miguel. Ó gba máàkì. Ó ń bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Bí a bá fi ìwé èsì nìkan wọ̀n ọ́n, ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé pérépéré. Ohun tó kàn wá jù nínú ẹjọ́ yìí nìyẹn: ọwọ́ ilé-ìwé tí à ń wọ̀n ni òṣùwọ̀n wà.

Ní 2017, nínú ẹjọ́ Endrew F., kóòtù yẹn kan náà gbé ìwọ̀n sókè díẹ̀. Ó ní IEP gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣe kí ọmọ lè tẹ̀ síwájú dé ibi tó yẹ ọmọ tó wà nírú ipò rẹ̀, pé ìlọsíwájú bíńtín kò tó.

Láti Michigan dé Washington

Oṣù Kejìlá 2017 ni ìdílé Perez gbé ẹ̀sùn lọ sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Michigan. Wọ́n ní ilé-ìwé rú IDEA, ó rú ADA tí wọ́n ṣe ní 1990, ó sì rú àwọn òfin mìíràn. Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn níbẹ̀ ní òun kò láṣẹ lórí ADA, ó dá apá yẹn nù, ó ku IDEA nìkan.

Kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé gbà láti yanjú rẹ̀. Ó máa san owó ẹ̀kọ́ Miguel ní Michigan School for the Deaf, ó máa san owó fún kíkọ́ òun àti ìdílé rẹ̀ ní èdè àwọn adití, ó sì máa san owó agbẹjọ́rò wọn. Ó ṣeé ṣe kó padà sí ilé-ìwé nítorí pé ìwé ẹ̀rí wíwá kì í pa ẹ̀tọ́ ọmọ lábẹ́ IDEA. Dìpúlómà gidi ni ó ń pa á, tàbí ọjọ́ orí. Ní Michigan pàápàá, ìpínlẹ̀ fi ọdún kún un, ó ń lọ títí di ọdún 26. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí. Wọ́n á gba ìwé náà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á mú ọmọ lọ sílé.

Ṣé kí ìdílé náà kọ̀ ọ́? Ohun gbogbo tí IDEA lè fún wọn ni wọ́n fi lọ̀ wọ́n. Òbí wo ni yóò ní kí ọmọ òun jókòó sílé kí òun lè bá ilé-ìwé ja ìjà tí òun ti borí? Wọ́n gbà á. Ní 2018 wọ́n lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ADA láti béèrè owó gbà-má-bínú fún ọdún tó ti lọ. IDEA lè dá ẹ̀kọ́ padà, ó lè dá owó tí òbí ti san fún ilé-ìwé àdáni padà, ṣùgbọ́n kì í san owó gbà-má-bínú.

Kóòtù náà lé wọn jáde. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i, adájọ́ méjì sí ọ̀kan. Ìdí ni gbólóhùn kan nínú IDEA. Ní 1984 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé òfin ẹ̀kọ́ àkàndá nìkan ni òbí lè gbé dání. Ní 1986 ilé aṣòfin fi gbólóhùn yìí pa ìdájọ́ náà rẹ́. Bó ṣe wà lónìí, ó ní IDEA kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti lo ADA àti irú rẹ̀, àmọ́ bí ohun tí o ń béèrè bá jẹ́ ohun tí IDEA náà lè fún ọ, kí o kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀nà IDEA dé òpin. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní nítorí pé ìdílé Perez gba àdéhùn kí adájọ́ tó dájọ́, wọn kò tẹ̀ lé e dé òpin.

Ẹ ro bó ṣe há. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ADA kì í ṣe iṣẹ́ òun. Kóòtù kejì ní ẹ bá máa kọ́kọ́ parí rẹ̀ lọ́dọ̀ adájọ́ àkọ́kọ́. Kí òbí lè pa ẹ̀tọ́ owó mọ́, ó ní láti kọ ohun rere tí wọ́n nà sí ọmọ rẹ̀, kó fi oṣù tàbí ọdún jà lórí ohun tí kò sí ẹni tó bá a dù mọ́. Ilé-ìwé tó bá ní agbẹjọ́rò tó gbọ́n lè fi àdéhùn tó dára ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀bi tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà, mẹ́sàn-án sí òdo. Adájọ́ Gorsuch ló kọ ọ́. Àlàyé rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: òfin ní “ohun tí IDEA náà lè fún ọ”. Owó gbà-má-bínú, IDEA kò lè fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tó ń béèrè owó yẹn lábẹ́ ADA kò ní láti kọ́kọ́ la ọ̀nà IDEA kọjá. Kò sì burú pé ó ti gba àdéhùn lórí apá tó kù.

Àwọn adájọ́ kò sọ pé Miguel jàre lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Wọn kò sọ pé irú owó tó ń béèrè wà lábẹ́ ADA. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún kóòtù ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì wúwo, nítorí ní 2022, nínú ẹjọ́ Cummings, kóòtù kan náà ti ní òfin àkàndá ọdún 1973 kò fàyè gba owó fún ìbànújẹ́ ọkàn, ọ̀pọ̀ kóòtù sì ń na ìdájọ́ yẹn dé ADA. Ẹni tó bá ń gbé irú ẹjọ́ yìí lọ lónìí, kó kó ẹ̀rí ohun tó ṣeé kà jọ: owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé kò ní dìpúlómà, owó tí ẹ ti ná fún ẹ̀kọ́ èdè àti ìtọ́jú. Ní oṣù Kẹfà 2025, ẹjọ́ A.J.T. tún mú ẹrù kan kúrò: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní a kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù ẹ̀rí tó wúwo ju ti àkàndá yòókù lọ lé ọmọ ilé-ìwé lórí, bíi kó máa fi hàn pé ìkà ni ilé-ìwé fi ṣe é.

Fún ìdílé Yorùbá tó ní ọmọ àkàndá nílé-ìwé Amẹ́ríkà

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù ìwé ìgbélùú pa yín lẹ́nu mọ́; láti 1982 ni kóòtù ti sọ pé ilé-ìwé ìjọba kò lè fi ìyẹn lé ọmọ dànù. Bí Gẹ̀ẹ́sì ìpàdé IEP bá ń yára jù fún bàbá tàbí ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ béèrè rẹ̀ lórí ìwé. Ojúṣe ilé-ìwé ni. A mọ̀ pé ìwà wa ni láti bọ̀wọ̀ fún olùkọ́, kí á sì dúpẹ́. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ tún béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ti ọmọ adití, ẹ wo bóyá “ògbufọ̀” ni wọ́n kọ sínú IEP tàbí “olùrànlọ́wọ́”. Bí ó bá jẹ́ ògbufọ̀, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní EIPA, máàkì rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 5, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń béèrè 3.5 tàbí 4.0 kí wọ́n tó jẹ́ kí ògbufọ̀ dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé. Ẹ béèrè iye wákàtí tí yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àti ẹni tí yóò dúró dè é bí ó bá ṣàìsàn. Ibi tí wákàtí ti ń ṣòfò láìsí ẹni tó rí i nìyẹn. Ìlànà IDEA ní kí àwọn tó ń kọ IEP ọmọ adití ro ti èdè rẹ̀, àti àǹfààní tó ní láti bá ẹgbẹ́ àti olùkọ́ sọ̀rọ̀ tààrà ní èdè náà. Bí wọn kò bá mẹ́nu kan èyí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ má gbára lé máàkì. Gbogbo IEP gbọ́dọ̀ ní àfojúsùn tó ṣeé wọ̀n àti bí wọn yóò ṣe máa wọ̀n ọ́n. “Yóò tẹ̀ síwájú nínú kíkà” kì í ṣe àfojúsùn. “Yóò ka ìpínrọ̀ ìwé kíláàsì kẹta, yóò sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nínú márùn-ún” ni àfojúsùn. Ó kéré tán lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, ó yẹ kí wọ́n tún ọmọ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá gba èsì wọn, ẹ lè béèrè àyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ìwé. Ilé-ìwé ni yóò san owó rẹ̀, àyàfi tó bá lọ sí ìgbẹ́jọ́ tó sì fi hàn pé àyẹ̀wò tirẹ̀ péye.

Ìbéèrè dìpúlómà, ẹ má dúró dìgbà tó ku oṣù mẹ́ta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹsàn-án ni kí ẹ ti kọ ọ́: “Ṣé ọ̀nà dìpúlómà gidi ni ọmọ wa wà, kírédíìtì mélòó ni ó ní, mélòó ló kù?” Bí ilé-ìwé bá kọ ohun tí ẹ béèrè, òfin ní kó fún yín ní ìwé tó sọ ìdí. “A ti jíròrò rẹ̀” lórí fóònù kì í ṣe ìwé.

Bí ó bá di ẹ̀sùn, ọdún méjì ni IDEA sábà ń fún yín láti ìgbà tí ẹ mọ̀ tàbí tó yẹ kí ẹ ti mọ̀. Ti ADA yàtọ̀, òfin ìpínlẹ̀ ló sábà ń pinnu rẹ̀, nítorí náà ẹ bi agbẹjọ́rò ní kíá. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ẹ̀sùn IDEA sílẹ̀, ilé-ìwé ní ọjọ́ 15 láti pè yín sí ìpàdé, àti ọjọ́ 30 lápapọ̀ láti yanjú rẹ̀ kí ìgbẹ́jọ́ tó tẹ̀ síwájú. Àkókò yìí ni àdéhùn máa ń yọjú. Ẹjọ́ Perez gba yín láyè láti gbà á láìpàdánù ẹ̀tọ́ owó, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbólóhùn tó ní ẹ ti yọ̀ǹda “gbogbo ẹ̀sùn” tàbí tó dárúkọ ADA. Ó sábà máa ń wà lójú ìwé tó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn gbogbo ohun rere tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n san iye tó tọ́ sí i.

Nílé náà, òfin tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, tí ó ń jẹ́ òfin 2018, sọ ní apá 17 pé àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama. Apá 18 ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ títọ́jú ẹ̀kọ́ àkàndá. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀ ni “tó kọ́ṣẹ́”. Miguel náà ní òṣìṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyí tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí gan-an, kí ìjà kankan tó bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ lẹ́tà kan sí ilé-ìwé, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ béèrè gbogbo àkọsílẹ̀ ọmọ yín, títí kan ìwé ẹ̀rí ẹni tó ń túmọ̀ fún un àti ọjọ́ tí kò wá. Ọjọ́ 45 ni òfin fún ilé-ìwé, ó pẹ́ tán, láti jẹ́ kí ẹ rí àkọsílẹ̀ ọmọ yín. Bí ìpàdé IEP bá ti súnmọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ rí i kí ìpàdé náà tó wáyé.